Bọ́ọ̀lù Kékeré Inú Ẹ̀rọ Ìbùkún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Òjò ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló ń rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, òjò Libreville tí ẹ mọ̀, tí kì í dúró kó ṣú dáadáa kó tó dé. A ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbùkún ti sùn lọ sórí àga pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ìrẹsì sì wà lórí iná. Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan àti ọ̀rọ̀ ńlá kan láti bá yín sọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré, nítorí òun ló fa èyí tó tóbi jáde, àti nítorí mo mọ̀ pé òun ni ẹ̀yin fúnra yín ìbá kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.

Mo ti ń gbá géèmù, Bàbá. Èmi, nọ́ọ̀sì, ìyá ọlọ́mọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò sí nílé ayé mọ́ nígbà tí wọ́n já owó sẹ́fà lulẹ̀. A sùn, a jí, owó ọwọ́ wa ti di ìdajì ohun tó jẹ́ lánàá. Dévaluation ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan àwọn ìyá tí kò gbọ́ Faransé rárá. Gbogbo ohun tó bá gba orí òkun wọlé ló gbówó lórí. Ní ilé ìwòsàn wa, àwọn aláìsàn á gba ìwé òògùn lọ́wọ́ dókítà, wọ́n á wò ó, wọ́n á ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á tì í bọ àpò, wọ́n á sì kọjá ilé òògùn bí ẹni pé wọn ò rí i. Iléeṣẹ́ tí Bàbá Ìbùkún ti ń ya àwòrán ilé kógbá wọlé. Ta ló ń kọ́lé lásìkò yìí? Àwọn ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Sibang níbí nígbà tí ẹ ṣì wà láyé ṣì dúró bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Irin orí wọn ti dípẹtà, koríko ti ń yọjú láti ojú fèrèsé.

Ẹ mọ ọkọ mi, ẹni tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ ò lè sinmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn ló ti di ẹni tó ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tó ń wo ògiri. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní "hẹn". Ìbùkún bá a sọ̀rọ̀, ó ní "hẹn". Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán pátá.

Ìgbà yẹn ni tíṣà Ìbùkún, obìnrin òyìnbó kan, ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀. Ó pín àwọn ohun tí kò lè gbé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ẹlòmíràn gba ìwé, ẹlòmíràn gba bàtà. Ìbùkún gba ẹ̀rọ géèmù, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì mú, tí kò ju Bíbélì kékeré lọ. Káséètì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà rí bí omi ẹ̀fọ́ tó ti ṣá, ẹ ò sì lè rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, bí ẹni tó ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni.

Mo ti rí irú géèmù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Mo rò pé ìbọn ni, tàbí ọkọ̀ tó ń sáré. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, regarde, wò ó ná." Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti bá a wí títí, ó ní ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀.

Mo wò ó. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà lókè lápá òsì, apẹ̀rẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, òfìfo ló wà láàárín wọn. Wọ́n á fún yín ní pákó, òkúta, okùn, nígbà mìíràn irin tó ń ta nǹkan sókè bíi ti inú bẹ́ẹ̀dì. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ tò wọ́n sí. Kò sí ọ̀tá, kò sí ẹni tó ń lé yín. Ohun gbogbo so rọ̀ síbẹ̀ láìmira, wọ́n ń dúró dè yín. Nígbà tí ẹ bá tò ó tán, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kan, ni gbogbo wọn bá wúwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fà mọ́ ọn. Mo gbé pákó kan dà gẹ̀rẹ́ láti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù dé apẹ̀rẹ̀, mo rò pé mo ti gbọ́n. Bọ́ọ̀lù yí, ó ń yára sí i, ó fò kọjá apẹ̀rẹ̀, ó lọ.

"O gbé e ga jù," Ìbùkún ní.

Mo rẹ orí pákó sílẹ̀. Ó rọra yí, kò tilẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà. Mo tún un ṣe. Ìrẹsì jóná mọ́ mi lórí iná lọ́jọ́ náà, Bàbá. Ohun tó sì wù mí jù ni pé kinní náà kì í bú èèyàn. Bí ẹ bá kùnà, bọ́ọ̀lù á kàn dùbúlẹ̀ síbi tó ṣubú sí, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe mọ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn. Ike ni, àti bátìrì. Kò rí òkúta rí. Ta ló jókòó síbì kan tó sọ fún un pé ohun tó wúwo ń wá ilẹ̀, pé ohun tó bá ti ń yí kì í lè dúró lójijì? Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti wo bí nǹkan ṣe ń ṣubú fún ìgbà pípẹ́ gan-an. Mo ronú kan ẹ̀yin. Bí a bá ń gba àdúgbò kọjá, àwọn tó kù á máa béèrè ìdí tí ilé kan fi wó. Ẹ̀yin, bíríkìlà tí ẹ jẹ́, ẹ máa ń dúró níwájú èyí tí kò wó, ẹ ó fi ọwọ́ kàn án, ẹ ó ní, "Kí ló mú èyí dúró?"

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé pákó lé orí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà wa, tí ẹ gbé Délé sí orí kan, tí ẹ gbé èmi sí orí kejì? Ẹ̀gbọ́n mi sanra, èmi sì wà lókè tí mò ń ké. Ẹ ò gbé mi sọ̀kalẹ̀. Ẹ ní kí Délé máa sún bọ̀ láàárín, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tí èmi àti òun fi wà lójú kan náà, tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa ò kan ilẹ̀. Ẹ mu kọfí yín láti inú àwo pẹrẹsẹ bí ẹ ti máa ń ṣe, ẹ ń wò wá. Kí lẹ ń rò nígbà yẹn? Mi ò béèrè rí.

Ìpele kan wà nínú géèmù náà tó dá èmi àti Ìbùkún dúró. Àfo ńlá ni, pákó kan tó kúrú tí kò lè dé òdìkejì, àti òkúta. A wà lórí rẹ̀ nínú ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí Bàbá Ìbùkún wá bu omi mu. Ó kọjá lẹ́yìn wa, ó dúró.

"Pákó yẹn máa yí dànù," ó ní.

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mi ò wò ó, kí n má bàa dẹ́rù bà á.

"Papa, ìwọ ṣe é, essaie."

Ó gbà á. Ó gbìyànjú, pákó yí dànù. Ó tún gbìyànjú. Ó ní, "Kò ṣeé ṣe. Ẹni tó ṣe géèmù yìí ò mọ ohun tó ń ṣe." Ìbùkún gbà á padà, ó ti ìdí pákó sẹ́yìn lórí ilẹ̀, ó gbé òkúta lé ìdí náà kí ó lè dì í mú, orí pákó sì yọ jáde sójú òfìfo. Ó tẹ bọ́tìnnì. Bọ́ọ̀lù yí lórí pákó, ó fò láti etí rẹ̀, ó bọ́ sí apẹ̀rẹ̀.

"Hẹn?" ni ọkọ mi wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe "hẹn" ti tẹ́lẹ̀. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń gbé bákónì jáde lára ilé. Ohun tó wà nínú ilé ló ń di èyí tó wà níta mú."

"C'est ça, iṣẹ́ tìẹ?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"O ò sọ fún mi rí."

Ó ní kí Ìbùkún dìde. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ráfíù, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wá láti Kétu, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, "Mon frère, pákó mi kì í ṣe fún eré o," bẹ́ẹ̀ ló ti ń yan èyí tó gùn fún wọn. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé pákó lé e, wọ́n fi òkúta di ìdí rẹ̀, Ìbùkún gbé ọsàn kan sórí rẹ̀. Ọsàn yí dé ìdajì. Pákó tẹ̀, ọsàn yà bàrá, ó wọ inú gọ́tà lọ.

Bàbá Ráfíù ní, "Pákó tèmi yìí ṣì tutù nínú. Tinú ẹ̀rọ yín kò mọ òjò."

Òótọ́ ni, Bàbá. Àléébù tí mo rí nínú géèmù náà nìyẹn. Pákó ibẹ̀ kì í tẹ̀. Atẹ́gùn ò sí níbẹ̀. Nǹkan wúwo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gbó. Ọkọ mi ń wo ọsàn tó wọ gọ́tà, ni ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́, èyí tó máa ń mú kí adìẹ sá. Ìbùkún wò mí, bí ẹni tó ń béèrè bóyá a lè rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ̀rọ̀ ńlá náà fún mi. Mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn," ó ní. "Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ bi mí."

Mo ṣì di áyọ́ọ̀nù mú. Ìbéèrè náà ti wà lẹ́nu mi lóòótọ́: Bàbá ńkọ́?

Ẹ̀yin lẹ sọ pé ibí ni kí a sin yín sí, ní ìlú tí ẹ ti to búlọ́ọ̀kù jù. Màmá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Délé ti padà sílé, èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù tí mò ń wá ro koríko ojú ibojì yín. Bí mo bá lọ, ta lẹ ní? Inú bí mi sí ọkọ mi, lẹ́yìn náà inú bí mi sí ẹ̀yin, pé ẹ ò jẹ́ kí a gbé yín lọ sílé. Mo sunkún níbi iṣẹ́, mo sọ fún wọn pé ojú ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo rí ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé rẹ̀, tó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè dá a padà síwájú ògiri yẹn. A máa lọ, Bàbá. Bí ilé ìwé bá ti padé.

Bàbá Ráfíù ní òun á máa bójú tó ibojì yín. "Sœur, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Èmi ò lọ ibì kankan." Mo gbà á gbọ́.

Lánàá, èmi àti Ìbùkún wá sọ́dọ̀ yín. A fọ òkúta, a ro etí rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn wa? Nígbà tí a ṣe tán, ó dúró, ó bi mí báwo ni wọ́n ṣe ń sọ adieu, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí a ò ní rí mọ́, ní Yorùbá. Ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ́ ní Faransé, torí kì í ṣe Faransé lẹ bá òun sọ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́. Mo wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Mo sọ fún un pé ó dàbọ̀ ni à ń sọ.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo pín in sí méjì fún un. Mo ní ó di àbọ̀. Ó di ìgbà tí a bá padà dé.

Ó ronú sí i. "Donc kì í ṣe adieu."

"Rárá. Kì í ṣe é."

Ó kúnlẹ̀, Bàbá. Mi ò sọ fún un pé kó kúnlẹ̀. Ó gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ òkúta, ó sọ ọ́ sókè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀, pẹ̀lú "ẹ" àti ọ̀wọ̀, "Bàbá àgbà, ẹ jókòó dáadáa. Ó dàbọ̀." Lẹ́yìn náà ó dúró díẹ̀ kó tó dìde, ó ń tẹ́tí.

Èmi ọmọbìnrin yín,
tí ò tíì mọ ọjọ́ àbọ̀, tó sì fẹ́ràn yín dé ibikíbi tó bá ń lọ.