Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Bàbá

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Bábà,
                                        Ojúlé Tó Kọjú sí Ilé Ẹ̀kọ́,
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí, bí mo ṣe rí i gan-an. Mo rí bàtà Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bàtà olókùn ni, kì í ṣe sálúbàtà. Mo rí ọ̀pá wọn tí wọ́n gbé ti àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí gẹrun. Mo rí Bàbá fúnra wọn nínú dígí ńlá ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n wọn, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó já sí ìdí àtẹ̀gùn. Mo rí Ìyá wa tí wọ́n di ìborùn mọ́ ìdí bí ẹni tó fẹ́ lọ làjà. Mo rí físíò, ẹni tó ń kọ́ Bàbá láti tún máa rìn, tó ń bọ̀ láti òpin òpópónà, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé iṣẹ́ wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀? Àkọ́bí yín ńkọ́, ṣé eyín tó ń mì ti yọ, àbí ó ṣì ń fi ahọ́n tì í síwá sẹ́yìn? Àbúrò rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn mọ́jú? Àwa náà wà, ara wa le, àfi itan Bàbá tí ẹ mọ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti fóònù lọ, bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, Ìyá á ti gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó dé ìdajì.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ pè, ẹ ní ẹ máa wá gbé Bàbá ní ìparí oṣù lọ sí ilé yín tí kò ní àtẹ̀gùn, kí a sì fi ṣọ́ọ̀bù rẹ́ǹtì fún ẹlòmíràn. Bàbá gbọ́, nítorí fóònù ń pariwo. Wọ́n kàn mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbọn irun kúrò lára kílípà tí kò sí irun kankan lára rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú lórí àpótí níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ gílóòbù, tí wọ́n sì fi irin sí wọn nítan, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sùn, láàárín àga oníbàárà àti abọ́ ìfọwọ́. Èmi ń sùn lórí ẹní ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n lè pè mí tí wọ́n bá fẹ́ nǹkan lóru. Àwọn tó wá gẹrun á yọjú, wọ́n á rí ibùsùn, wọ́n á pa dà. Físíò ní tí Bàbá bá lè gun àtẹ̀gùn dé yàrá wọn, tí wọ́n tún lè sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé wọn, òun ò rí ìdí tí wọ́n fi máa kúrò nílé wọn. Tí kò bá ṣeé ṣe títí oṣù á fi parí, òun fúnra òun á sọ pé ohun tí ẹ wí ló dáa. Òní ni wọ́n fi àdéhùn sí.

Ẹ ò tíì rí físíò náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, òun ló sì ní kí n yé sọ̀rọ̀ sí òun bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kí ẹ má rò pé mo yájú. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Bàbá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún un, wọ́n dijú, wọ́n ń retí kó fi òróró ra á. Kò ra nǹkan kan. Ó gbé ohun kan bíi rúlà méjì tí wọ́n so pọ̀ lórí lé orúnkún wọn, ó wo ibi tó lè ká dé. Ó fọwọ́ tẹ iṣan itan, ó ní kí wọ́n mú un le, ó ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n rìn, òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ó dojú bàtà wọn dé, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ju ìkejì lọ. Ó ní ọ̀pá tí a rà ga jù, òun ló ń ti èjìká wọn sókè, ó sì dín in kù. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde, títí òógùn fi bò wọ́n. Nígbà tó lọ tán, Bàbá sọ fún Ìyá pé òun rò pé wọ́n fẹ́ wo òun sàn ni, òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ ológun ni wọ́n gba òun sí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Sájẹ́ǹtì. Ó ń jẹ́ ẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti Ìyá ni pẹ̀lẹ́. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe. Bàbá gbẹ́sẹ̀, Ìyá á ní ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá á ní ẹ ṣé o. Èmi ń kọjá lọ, èmi náà á ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, Bàbá á ní o ṣeun, ọmọ mi. Oníbàárà yọjú, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá á yíjú sí i, nítorí Bàbá kì í dáhùn ìkíni láìwo ojú ẹni. Lọ́jọ́ kan wọ́n yíjú báyìí, ẹsẹ̀ ò bá orí lọ, ọpẹ́lọpẹ́ abọ́ ìfọwọ́ tí wọ́n gbá mú. Sájẹ́ǹtì ò pariwo. Ó kó wa jọ, ó ní láti ìgbà náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má kí Bàbá ní pẹ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti wà lórí ìdúró. Ìyá bi í léèrè pé irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn, pé kí òun máa wo ọkọ òun níbi tó ti ń jìyà, kí òun panu mọ́. Ó dáhùn jẹ́jẹ́.

“Ìyá, tí ẹ bá ń kí wọn ní pẹ̀lẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀, ara wọn á máa gbọ́ pé ewu wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ara wọn gbàgbé.”

Ìyá ní ó dáa. Ṣùgbọ́n fún bí ọjọ́ mélòó kan, omi nìkan ni wọ́n ń fún un, wọn ò fún un ní ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà ti ní kí a má jẹ́ kí Bàbá fọwọ́ kan nǹkan kan. A ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mò ń gbé omi sí wọn lẹ́nu, mò ń so okùn bàtà wọn. Sájẹ́ǹtì ní ìfẹ́ la fi ń so wọ́n mọ́lẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé a ò tẹ̀ lé ohun tí ẹ sọ mọ́. Bàbá ló ń bu omi wọn báyìí. Wọ́n máa ń dà á sílẹ̀ nígbà mìíràn, mò ń nù ún.

Ọ̀rọ̀ dígí ló jẹ́ kí n gbà fún Sájẹ́ǹtì. Bàbá ń tẹ̀ sí apá kan tí wọ́n bá ń rìn, wọ́n sì ń jiyàn pé òun ò tẹ̀. Ó gbé wọn síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n wo èjìká wọn bí ẹni pé orí oníbàárà ni. Bàbá wò ó. Wọ́n dijú kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń wo ojú irun. Wọ́n ní irú iṣẹ́ báyìí kò ní jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun. Wọ́n sì tún èjìká náà ṣe fúnra wọn.

Ní ti òní: Sájẹ́ǹtì ran Ìyá lọ sókè. Ó ní iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n jókòó sórí ibùsùn, kí wọ́n má jáde, ohunkóhun tí wọn ì báà gbọ́. Ó ní kí èmi dúró ní ìsàlẹ̀, kí n fọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó de bẹ́líìtì fífẹ̀ kan mọ́ Bàbá ní ìbàdí, ó wá dúró lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ rẹ̀ wà nítòsí bẹ́líìtì náà, kò dì í mú. Ó ti kọ́ wọn pé tí a bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dáa ni kó ṣíwájú. Tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ni. Bàbá ń kà á sínú, mò ń rí i bí ètè wọn ṣe ń mì.

Wọn ò tíì gùn ún lọ jìnnà nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tiwa, jáde sẹ́yìn pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó ní àgbà bábà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bàbá ò dáhùn. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Bàbá ò wojú rẹ̀. Télọ̀ bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ni òun ṣe fún wọn. Mo gbọn orí, n kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́yìn.

Ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà ni wọ́n ti dúró. Wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Wọ́n ní Sájẹ́ǹtì, ó tó. Kò sọ pé ó tó, kò sì sọ pé kò tó.

“Bàbá, ṣé ó ń dùn yín ni, àbí ẹ̀rù ń bà yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi Bàbá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo ilẹ̀. Télọ̀ náà wo téèpù rẹ̀. Bàbá dá a lóhùn.

“Ẹ̀rù ni.”

Sájẹ́ǹtì ní ká ní ìrora ni, àwọn ì bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bó ti jẹ́ ẹ̀rù, kí wọ́n mí dáadáa, kí wọ́n tú ọwọ́ díẹ̀ lára irin, tí wọ́n bá ti ṣe tán kí wọ́n máa lọ, òun wà lẹ́yìn. Wọ́n mí. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó dáa.

Mo gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ Ìyá.

“Ẹ ò bọ́ bàtà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn ni.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀. Sájẹ́ǹtì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ìyá ti ń sunkún kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n yára nu ojú, ọ̀rọ̀ bàtà ló sì kọ́kọ́ jáde.

Sísọ̀ kalẹ̀ pẹ́ ju gígun lọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ ilẹ̀, wọ́n yíjú sí télọ̀, wọ́n ní ó ṣeun, ṣé àlàáfíà ni. Télọ̀ ní òun ti ń ronú ẹni tí òun máa bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti bá òun tọrọ àforíjì. Sájẹ́ǹtì tú bẹ́líìtì. Ó ní òun á sọ fún dókítà pé Bàbá ò nílò láti kó kúrò nílé, ṣùgbọ́n ọ̀pá ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn, orí àpótí gíga ni wọ́n á máa jókòó gẹrun, kí wọ́n má sì dá gun àtẹ̀gùn títí òun á fi sọ. Ó ṣì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa dá òun sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Ó ní ó ku díẹ̀.

Nígbà tí mo mú ìwé, Bàbá ní kí n kọ èyí gẹ́lẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́: “Kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá ní ìparí oṣù bó ṣe wí. Kó kó àwọn ọmọ dání. Kó má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ ńlá wá, kò sí ẹrù tó máa kó.”

Mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ìyá ń kí yín, wọ́n ní kí ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù àbíkẹ́yìn. Télọ̀ náà ní kí n kí yín.

Èmi ni, àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín,
Wò-má-sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ṣí ìwé yìí pa dà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Nírọ̀lẹ́ àná, a kó ibùsùn kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, Sájẹ́ǹtì sì pa dà wá láti tẹ̀ lé Bàbá gòkè. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó, mò ń retí kí wọ́n pè mí láti òdìkejì ògiri. Wọn ò pè mí. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni mo tó dùbúlẹ̀, lórí ibùsùn ara mi.