Ilé Aṣòfin Kò Lè Lé Wa ní Kofar Kware

Bàbá mi, ọmọ Ajílété,

Kí Ọlọ́run tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè yín. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá: ìsọ̀ obì yín ní ọjà Kofar Kware nílẹ̀ Hausa níbí ti di tèmi, orúkọ ìlú wa gangan ló sì wà nínú ìwé rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àyà yín á kọ́kọ́ já. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ jí wa láràárọ̀, tí ẹ bá ti dé ọjà, ẹ ó di ará Ìlọrin, torí pé Ìlọrin wà ní Ẹkùn Àríwá, tiwa wà ní Ìwọ̀ Oòrùn. Kí ló dé tí ẹ̀yin tí ẹ kì í ta obì oníkòkòrò fún ẹnikẹ́ni ń purọ́ ìlú yín? N kò bi yín títí ẹ fi lọ. Ó ń dùn mí.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, akọ̀wé ọjà kan wá. Ó ní ẹni tí kì í bá ṣe ará Àríwá kò gbọdọ̀ ní ìsọ̀ mọ́. Màmá ní kí n wí Ìlọrin bíi tiyín. Mo kọ̀. Mo gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ òfin tuntun sí, èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo lọ bá adájọ́.

Níwájú adájọ́, akọ̀wé náà ní kò sí ohun tí ilé aṣòfin Ẹkùn Àríwá ní Kàdúná kò lè sọ dòfin. Mo ní ó wà. Ìwé òfin tuntun ti gbogbo Nàìjíríà ti pààlà fún wọn: wọn kò gbọdọ̀ ṣòfin tí yóò fìyà jẹ ènìyàn nítorí ìlú tó ti wá. Ẹni tí a fún ní yàrá nínú agbo ilé lè tún yàrá rẹ̀ tò bó ṣe wù ú, kò lè lé ọmọ bàbá rẹ̀ síta.

Adájọ́ ka ìwé náà títí. Ó ní òótọ́ ni mo wí, agbára Kàdúná ní ibi tó mọ. Wọn kò tilẹ̀ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rí, akọ̀wé ló ń dá tirẹ̀ ṣe.

Ẹ gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Màlámù Sálíù, ará Ìlọrin gidi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ló jẹ́rìí fún mi pé tiyín ni ìsọ̀ náà. Ojú ń tì mí, ìlú rẹ̀ ṣáà la fi bojú. Ló bá rẹ́rìn-ín: “Wallahi, ọjọ́ tí bàbá rẹ kọ́kọ́ kí mi ni mo ti mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo bá a pa á mọ́ ni.” Ṣé ẹ mọ̀ pé ó mọ̀? Àbí ẹ kò mọ̀, torí ẹ̀ ni ẹ kì í fi í jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ iléyá, kí ẹnu yín má baà tú àṣírí?

Lónìí, Màmá jókòó síwájú ìsọ̀, ó ń fi èdè ilé wa kí oníbàárà, ó ń pariwo. Àwọn Hausa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ra obì. Ẹ sinmi, Bàbá. Ẹ kò ní láti jẹ́ ará Ìlọrin mọ́.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀.