Ọwọ́ Òsì Tí Ajubọ́ọ̀lù Wa Nà Sí Mi

Houston, ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹsàn-án, 1983

Lẹ́yìn eré ìrọ̀lẹ́ yìí, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ beisibọ́ọ̀lù wa ní Baytown, ìlú kékeré lẹ́bàá Houston, na ọwọ́ òsì sí èmi dókítà wọn láti kí mi. Inú bí mi, kí n tó rí i pé ọ̀tún kò ṣeé gbé sókè mọ́.

Iṣan èjìká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní kí n gún òun lábẹ́rẹ́. Mo rọra ṣàlàyé fún un pé ìrora ni abẹ́rẹ́ ń pa, kì í rán iṣan.

"Dókítà, ẹ ṣáà gún mi. Ọ̀la la máa gba ife."

Bó bá fi jubọ́ọ̀lù lọ́la, apá yẹn ò ní ju nǹkan kan mọ́. Ọmọdé ṣì ni.

Mo kọ̀. Mo pe kóòṣì, olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà, lórí fóònù.

"Ẹ lọ sinmi, Dókítà. A ti rí ẹlòmíràn tó máa gún un."

Ta ni kí n tún pè? Gbogbo Baytown ló fẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù náà.