Bẹ́ńsì Aláwọ̀ Eérú àti Ìgò Abẹ́ Síńkì

Èmi, Ezra Adéṣínà Ọnàfúwà, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Òkè-Sopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Kò sí ẹni tó dúró lé mi lórí, kò sì sí ẹni tó fún mi lọ́tí mu. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ lọ́dún 2018, mo fagi lé e.

1. Túnmiṣe, ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ lọ́yà, ni mo yàn láti ṣe àmójútó ogún mi. Kì í bẹ̀rù àwọn àgbà ẹbí. Tí wọ́n bá dé, tí wọ́n ní báyìí kọ́ ni a ṣe ń ṣe é nílé wa, kí ó fi omi tútù fún wọn mu, kí ó sì ka ìwé yìí fún wọn.

2. Ilé mi ní Òkè-Sopẹ́n jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Òkè ni ti Dárasími, ìsàlẹ̀ ni ti Tẹniọlá nítorí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta tirẹ̀, èkejì rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fi lọ̀.

3. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta, mo fún Abibat tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń bá mi jà pé wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ báyìí, kí ó wá máa bá ara rẹ̀ jà.

4. Aago tí mo fi ń ka ìṣẹ́jú-àáyá níbi eré mọ́tò, mo fún Dárasími, ẹni tí kò tètè dé ibi kankan rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Sípánà, jáàkì àti akoto méjèèjì jẹ́ ti Tẹniọlá.

5. Mo ní Bẹ́ńsì V-boot kan, aláwọ̀ eérú, ti ọdún 1993, tí mo rà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń fẹ̀yìn tì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹni tó bá rí i lóde yóò rò pé mọ́tò tó ń gbé àwọn ìyá ìjọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ná. Hannah, ìyàwó mi tó ti sùn nínú Olúwa, ń pè é ní orogún òun. Síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun náà ni yóò wọ bàtà tí yóò ní kí n gbé òun gba Awa lọ sí Òru. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. N kò sọ ọ́ fún un tó.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà ọyẹ́, àwa tí a ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pàdé lórí pápá kọnkéré kan lọ́nà Iwopin, níbi tí tírélà ti máa ń páàkì láyé àtijọ́. A ó fi ògbólógbòó táyà la ọ̀nà, a ó máa sáré lọ́kọ̀ọ̀kan, aago ni yóò dájọ́. Kò sí owó níbẹ̀. Àwo ṣáínà kan ni ẹni tó bá yá jù ń gbà. A ní àṣà kan: mekáníìkì tó tún ọkọ̀ ṣe ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dá a lójú, kí ó wọlé. Rùfáì Àlímì, mekáníìkì ní Àgọ́-Ìwòyè, ni ó ń jókòó sínú tèmi. Tẹniọlá ni ó ń wà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí ó kọ́kọ́ yá jù mí lọ, n kò sì jowú rẹ̀. Irọ́ ni, mo jowú díẹ̀.

6. Abala yìí ni ó mú mi kọ ìwé náà.

Òfin Rùfáì ni pé ìgò ọ́ìlì bíréèkì tí a bá ti ṣí, ìyókù rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ní ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, bí bíréèkì bá sì gbóná, omi yẹn yóò hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì kan ilẹ̀ lásán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ó fa ògbólógbòó ọ́ìlì inú Bẹ́ńsì náà dànù, ó sì ní tuntun kò ní dé láti Èkó kí ó tó di Mọ́ńdè. Ó ní kí a fo eré Sátidé. A gbà, ó lọ.

Èmi ni n kò lè fi nǹkan ṣòfò. Mo ní ìyókù kan lábẹ́ síńkì nínú ìgò ṣínáàpù, ó ti pé ọdún méjì níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo rọ ìdajì rẹ̀ sínú bíréèkì Bẹ́ńsì náà, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra títí ó fi le. Mo sọ fún Tẹniọlá pé Rùfáì ti rí ọ́ìlì, ó ti parí iṣẹ́, kò kàn ní lè bá wa dé pápá ni.

Ní ìyípo kẹta, bíréèkì kò mú un mọ́. Ó la àárín àwọn táyà kọjá, ó lọ forí sọ òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Kò fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa títí di òní.

Gbogbo ẹni tó bi mí léèrè, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ Rùfáì ni. Nítorí pé wọn kò rí i kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbà pé ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò dára ni ó fi sá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kó ọkọ̀ wọn lọ síbòmíràn. Tẹniọlá, tó ń pè é ní bọ̀dá, kò kí i mọ́. Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé eré náà, Rùfáì wá, ó fa ọ́ìlì náà díẹ̀ sínú àwo funfun, ó wò ó, ó wò mí, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé èmi ni ó ń dúró dè láti sọ ọ́. Ojú tì mí.

7. Bẹ́ńsì náà jẹ́ ti Tẹniọlá. Mo ti tún ara rẹ̀ ṣe, mo sì ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ṣùgbọ́n orí búlọ́ọ̀kù ni ó wà. Kí Dárasími má ṣe tà á fún àwọn oníirin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣíwájú òkú mi pẹ̀lú iná títàn àti fèrè. Kò gbọdọ̀ rìn títí Rùfáì yóò fi yẹ bíréèkì rẹ̀ wò, bí ó bá gbà.

8. N kò pín nǹkan kan fún Rùfáì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé mo gbàgbé. Ẹni tí a bá pín ogún fún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ìwé. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ abala kẹfà.

Àfikún. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, mo gbé ìwé yìí lọ bá Rùfáì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó kà á tán, ó sì tún abala kẹfà kà. Ó dá a padà fún mi láìfọwọ́ sí i. Ó ní, “Tíṣà, ẹ lọ sọ ọ́ fún ọmọ yín lójú ayé yín. Ohun tí ẹ fẹ́ dúró di ìgbà tí ẹ bá kú kí ẹ tó sọ, mi ò lè ṣe ẹlẹ́rìí ẹ̀.” Inú bí mi gan-an. Mo gba ọ̀kadà délé, ọjọ́ mẹ́jọ sì kọjá kí inú tó rọ̀ mí.

Ní ọjọ́ kejìlá, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún Tẹniọlá nínú ilé ìdáná. Kò pariwo. Ó bi mí bóyá ìgò náà ṣì wà. Ó wà, n kò mọ ìdí tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀. Ó gbé e wò nínú oòrùn, ó dà á sí gọ́tà. Ó ní, “Ọdún mẹ́jọ, Dádì. Mi ò kí bọ̀dá Rùfáì fún ọdún mẹ́jọ.” Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Kò ní kí n sin òun. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Rùfáì fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bẹ́ńsì náà. Lónìí, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Tẹniọlá jókòó sídìí ṣítíàrìn, Rùfáì wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n lọ dé Awa, wọ́n padà. Rùfáì bọ́ sílẹ̀, ó ní kí n mú bírò wá.

Mo fọwọ́ sí i lójú àwọn méjèèjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ yìí, ní Òkè-Sopẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

E. A. Ọnàfúwà

Ẹlẹ́rìí kìíní: Fuad Ìdrís, akọ̀wé ẹgbẹ́ eré mọ́tò wa.

Ẹlẹ́rìí kejì: Rùfáì Àlímì, mekáníìkì Bẹ́ńsì náà.