Ìyá Fèrèsé àti Làálì Mi

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kọkànlá. Wedding, Berlin.

Mo ti di ẹrù. Koffer kan ṣoṣo, àpótí tí Wàhábì, ọkọ mi, rà nígbà tí a ń lọ sí Mẹ́kà. Táyà rẹ̀ kan ti yọ. Yóò gbé mi débẹ̀.

Amòfin pè láti Hamburg. Ọmọ mi obìnrin ni, Yusrah ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n Amòfin ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí òfin ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní, Màámi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kì í dá wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Íńdíà torí ewé làálì. Mo ní ewé yẹn náà ló rán ẹ nílé ìwé tí o fi mọ òfin tí ò ń kà sí mi létí. Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì gbà.

Àdéhùn wa nìyí, kí n kọ ọ́ kí n má baà sọ pé mi ò sọ ọ́: bí mo bá padà láìrí ẹni tí yóò máa ta làálì gidi fún mi, n ó kúrò ní àdúgbò Wedding yìí, n ó lọ máa gbé nínú yàrá tó ti kùn sílẹ̀ dè mí nílé rẹ̀ ní Wilhelmsburg, ní Hamburg. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ẹnu mi kì í ṣe ẹnu ọmọdé.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kọkànlá. Nínú ọkọ̀ òfúrufú.

Kùrukùru nísàlẹ̀. Bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.

Ohun tó lé mi jáde nílé: ọkùnrin tó ń kó làálì fún mi láti Brussels ti ti ilé ìtajà rẹ̀ pa. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kẹ́míkà ni wọ́n lú u pọ̀. Mo dán an wò lọ́wọ́ mi, ó jẹ mí bí ìjàlọ. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìdọ̀tí. Láti ìgbà àwẹ̀, mi ò tíì lé làálì fún ìyàwó kankan. Motúnráyọ̀, onídìrí tí mo ń lo kọ̀rọ̀ ilé ìtajà rẹ̀, máa ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀: Ìyá Làálì, àga yín ti ń ṣọ̀fọ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọge kan tó ń kun èékánná ti ń béèrè kọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Òfin tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Mi ò ní ra làálì tí kò bá kọ́kọ́ sùn lórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọwọ́ ẹlòmíràn kì í jẹ́rìí fún mi.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kọkànlá. Sójátì, Íńdíà.

Ṣé mo ti jí ṣá?

Eruku ibí kò pupa bíi ti Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi. Àwọ̀ ewé ni. Ó wà lórí òrùlé, lórí ìpéǹpéjú àwọn tó ń gbé àpò, lórí ẹ̀yìn màlúù. Màlúù kan dúró sẹ́nu ọ̀nà báǹkì bí ẹni tó fẹ́ gba owó. Kò sẹ́ni tó lé e. Gbogbo ìlú ń ta sánsán bí ọwọ́ ìyàwó. Mo mí i, mo mí i, títí orí mi fi fúyẹ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọdún iná wọn ni. Àwọn àtùpà amọ̀ kéékèèké ṣì wà lójú fèrèsé, òróró ti tán nínú wọn. Àwọn obìnrin ń kọjá pẹ̀lú ìborùn pupa, ìborùn olómi ọsàn, kò sẹ́ni tó ń yára. Èdè wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ dáhùn.

Bóyá àlá ni. Bó bá jẹ́ àlá, kí Amòfin má pè mí.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kọkànlá.

Ẹsẹ̀ wú. Mo sùn. Ewé ni mo rí lójú oorun.

Ọjọ́ Jímọ̀, 8 oṣù kọkànlá.

Mo kírun tán, mo wọ funfun. Léèsì funfun, ìborùn funfun, bàtà funfun. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ tí mo fẹ́ bá ọlọ́jà mi pàdé sì ni. Mo wo dígí. Mo ní, Kúbúrátù, ó yẹ ọ́.

Ọkùnrin tó ni làálì náà, Onípẹ́ẹ̀nì ni mo sọ ọ́, torí pẹ́ẹ̀nì kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ewé. Bó ṣe rí mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nìyí. Mo súre fún un ní Yorùbá, ó sì ṣe bí ẹni tó gbọ́.

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Òun náà wọ funfun. Inú mi dùn, mo ní ẹgbẹ́ mi nìyí. Obìnrin tín-ń-rín, ojú bíi ti ẹyẹ. Kò sí ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nínú ìlú làálì! Ìyá Fèrèsé ni mo sọ òun.

Wọ́n rọra ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó pọ̀ jù. Kavita, ìyàwó Onípẹ́ẹ̀nì, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, bi mí nípa bàálé mi. Mo ní ó ti lọ. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Ìyá Fèrèsé di ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀. Ìrẹsì lásán ni wọ́n gbé fún mi, kò sí ata, kò sí nǹkan. Mo jẹ ẹ́, mo ní bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń bu ọlá fún àgbà.

Onípẹ́ẹ̀nì da làálì sínú àwo. Ó kúnná bí àtíkè. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi, kí n pò ó, kí n dán an wò lọ́wọ́ mi.

Onípẹ́ẹ̀nì wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ìta.

Kavita fà mí wọ ilé ìdáná. Ó ní, Màmá, ẹ má bínú, lọ́dọ̀ àwa, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú kì í fi nǹkan yìí sọ́wọ́ mọ́. Funfun tí ẹ wọ̀ yìí náà, aṣọ opó ni. A rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú ni.

Mo ní ìsìnkú kẹ̀? Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí Wàhábì ti lọ. Jímọ̀ ni mo wọṣọ fún. Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Abájọ tí ìrẹsì wọn ò fi láta. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ìyá ọkọ òun kò tíì fi làálì kan ọwọ́ láti ìgbà tí òun ti wọlé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, bẹ́ẹ̀ òórùn rẹ̀ ló ń sùn lé, òun ló ń jí sí.

Onípẹ́ẹ̀nì ní òun yóò ní kí ọmọbìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dán an wò, kí n máa wò ó. Mo ní rárá. Ó ní Màmá, ọwọ́ kan náà ni gbogbo ọwọ́. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, kì í ṣe ojú ìyá mi ni ẹ ó ti ṣe é. Tó bá jẹ́ ọwọ́ yín dandan ni, ẹ jẹ́ ká fi ọjà náà sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ẹ̀nì tó ti fà yọ láti kọ ọjà mi padà sí àpò. Mo gbé àpò mi.

Lẹ́nu géètì ni Kavita ti fi làálì díẹ̀ tó wé sínú bébà sí mi lọ́wọ́. Ó ní ẹ lọ ṣe é níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti rí yín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kọkànlá.

Mo pò ó ní ìyálẹ̀ta, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Mo ya òbìrípo sáàárín àtẹ́lẹwọ́ òsì, mo fi bo orí ìka, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa kí bátànì bátànì tó dé. Mo fi ọ̀rá di í. Mo dùbúlẹ̀ nínú oòrùn.

Lójú oorun, mo rí Müllerstraße, òpópónà wa ní Wedding, gbogbo rẹ̀ kún fún ewé tí wọ́n sá. Àwọn ènìyàn bọ́ bàtà kí wọ́n tó kọjá. Wàhábì jáde láti inú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Leopoldplatz, ó jókòó tì mí. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ mi, bó ṣe máa ń ṣe. Ó dìde, ó ń lọ, ewé kò sì dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo jí. Mo ha á kúrò.

Pupa — bí oòrùn tó fẹ́ wọ̀. Kò jẹ mí, kò yún mi. Èyí ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí. Òun ni wọn ò sì ní tà fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù kọkànlá.

Mo lọ dágbére. Ẹni tó bá jẹun nílé ènìyàn gbọ́dọ̀ dágbére. Ìró aró ni mo ró lónìí, mi ò wọ funfun. Kavita ní ẹ fi ọwọ́ òsì sábẹ́ ìborùn o, Màmá. Mo ní mi ò jí i.

Ìyá Fèrèsé rí i. Ó nawọ́ sí mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sí imú, ó mí, ó pa ojú dé, ó pẹ́ kó tó là á. Ó wá fi ìka rẹ̀ yí òbìrípo náà ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà. Onípẹ́ẹ̀nì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Kavita ń túmọ̀. Ìyá ní ta ló ṣe é fún mi. Mo ní èmi náà ni. Ó ní ṣé àwọn ẹbí ọkọ mi kò lé mi. Mo ní nígbà tí mo ṣe opó tán, tí mo wẹ̀, ìyá ọkọ mi gan-an ló lé làálì àkọ́kọ́ fún mi. Arúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ó ní ọmọ òun fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n má fi ọwọ́ òfìfo pàdé rẹ̀ lójú àlá.

Ìyá Fèrèsé yí ojú sí ìta. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì wà lórí itan rẹ̀, kò gbé e kúrò.

Onípẹ́ẹ̀nì sìn mí dé géètì. Ó ní òun yóò kọ̀wé. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a ó máa rí ara wa ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kọkànlá. Wedding.

Ewé wà nílẹ̀ ní Müllerstraße. Ó tutù, kò ní òórùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù kọkànlá.

Motúnráyọ̀ wo ọwọ́ mi. Ó ní Ìyá Làálì, ìyàwó ta lẹ tún ṣe ní Íńdíà? Mo ní ìyàwó bàbá ẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń dirí lọ́wọ́ da kóòmù sílẹ̀.

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ nípa kọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kọkànlá.

Kò sí nǹkan láti Íńdíà. Mo ní kí Motúnráyọ̀ fún ọmọge eléèékánná ní kọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kọkànlá. Wilhelmsburg, Hamburg.

Amòfin fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá. Kò sọ pé mo sọ fún yín. Ì bá sọ ọ́, ì bá sàn. Ọkọ̀ ojú irin S-Bahn gbé wa kọjá lórí odò Elbe. Àwọn irin gíga tó ń gbé ẹrù létí omi na ọrùn sínú kùrukùru, bí ẹranko tó ń mumi.

Yàrá náà dára. Ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Ó tẹ́ ẹní ìrun mi sí ibi tó kọjú sí Kíbúlà gan-an. Ó ti fi nǹkan wọ̀n ọ́n. Ó gbé àga síbi fèrèsé. Ó ní Màámi, ẹ sinmi, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kọkànlá.

Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé láti àárọ̀. Pupa ọwọ́ mi ti ń ṣá.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kọkànlá.

Lẹ́yìn Àsárì. Fóònù mi dún, Amòfin ló bá mi ṣí i, ó ní Màámi, ẹnì kan fi ọwọ́ ránṣẹ́ sí yín.

Ọwọ́ ni lóòótọ́. Ọwọ́ arúgbó. Òbìrípo pupa láàárín, orí ìka pupa. Irin fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ irin yẹn.

Ohùn Kavita tẹ̀ lé e. Ó ní Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí òun wá po làálì. Ìyá ní kí òun ṣe é bíi ti obìnrin aláró. Ọkọ òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé, ó ń jẹun ní ìsọ̀. Ìyá ní kó máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Lánàá ọkọ òun wọlé, ó jókòó ti Ìyá, ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ìyá wá ní ojú òun ni wọn ó ti jọ làálì obìnrin náà, ojú òun ni wọn ó ti rán ẹnu àpò. Wọ́n ti ń jọ ọ́ báyìí. Màmá, adírẹ́sì wo ni ká kọ sí i?

Mo gbé fóònù náà sí imú. Òmùgọ̀.

Amòfin ní Hamburg ni kí wọ́n kọ, ibí ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ó rọrùn. Mo ní kọ Berlin. Ó ní Màámi, kọ̀rọ̀ yín ńkọ́, ẹ ti fi sílẹ̀. Mo ní yàrá ìdáná mi ṣì wà, ìyàwó tó bá fẹ́ yóò gun àtẹ̀gùn. Ó ní àdéhùn wa ńkọ́. Mo ní kó ka àdéhùn náà fún mi bó ṣe wà, ṣebí òun ló mọ òfin. Bí mo bá padà láìrí ẹni tí yóò máa ta làálì gidi fún mi. Ó kà á. Ó mú fóònù, ó ń kọ ọ́, ó sì ń bi mí ní nọ́ńbà ilé tí wọ́n ti bí i.

Mo dìde. Mo gbé àga náà kúrò lẹ́bàá fèrèsé.