Àgádágodo Tí Mo Tìtorí Rẹ̀ Pe Ìyàwó Ilé Wa Lólè

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àfojúsọ́nà mi. Níbi tí mo wà yìí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí gbogbo àgbà agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ẹ̀yin àbúrò Bàbá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ìwọ Múftàù, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń rí lẹ́tà mi. Mo lè pè yín lórí fóònù. Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ sí Múftàù bí mo ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá. Ìta gbangba ni mo ti sọ èyí tí kò dáa, ìta gbangba náà ni mo fẹ́ ti jẹ́wọ́. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ní Òkè Padre, tíṣà wa fi pàṣán kọ́ wa ní àmì ohùn, nítorí náà Yorùbá ṣì ṣeé kọ fún mi. Kíka Gẹ̀ẹ́sì ni kò wọ̀ mí lára, ẹ ó sì gbọ́ wàhálà tí ìyẹn dá sílẹ̀.

Mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ mí mọ́ ní Ṣikágò níbí, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọdún kẹrìnlá rèé. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, mò ń gé èékánná wọn. Òtútù ọdún yìí ò ṣeé fẹnu sọ. Atẹ́gùn ibí máa ń gba abẹ́ bùbá wọlé bí ẹni pé ó ti sanwó ilé. Yìnyín bo ojú ọ̀nà débi pé èèyàn á máa rìn bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Bí mo bá sì délé, kò sẹ́ni tó máa kí mi kú àbọ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nìkan ló ń dá kùn.

Ẹ mọ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ owó. Bí mo bá fẹ́ ra ata, màá yí ọjà po lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó yọ kọ́bọ̀. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń tètè rẹ́ jẹ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí èyí máa jẹ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó máa kà á tí wọn ò sí níbẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń kúrò nílé, Ìyá mi, ẹ bọ́ ẹ̀gbà góòlù mẹ́rin lọ́wọ́ ara yín, ẹ fi wọ̀ mí. Ẹ ní bí ilẹ̀ òkèèrè bá le, kí n tà wọ́n kí n fi jẹun, kí n má ṣe torí ìtìjú febi sùn. Mo febi sùn níbí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mi ò tà wọ́n. Mo fi òwú wé wọn, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì kan, mò ń gbé e kiri láti yàrá kan dé òmíràn. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ tí mo bá padà, ojú gbogbo agboolé ni màá ti fi wọ̀ yín.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí ààyè wálé. Ẹ̀rù àwọn tó ń já báàgì gbà lójú ọ̀nà Èkó bà mí, ni mo bá fi ọgbọ́n orí mi ṣe é. Mi ò gbé agolo náà lọ́wọ́. Inú àpótí ńlá tó ń lọ sínú ikùn bàálù ni mo kó o sí, láàárín àwọn tòbí mi. Mo wá ra àgádágodo tuntun fún un, èyí tó wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ń yí kó tó ṣí. Ihò kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àmì pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Mo bèèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọge tó ń tajà, ó ní mi ò nílò rẹ̀. Mo ní ó dáa, ọ̀ṣọ́ lásán ni ihò náà. Inú mi tiẹ̀ dùn pé kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè sọnù.

Lọ́jọ́ tí mo dé, ilé kún. Ẹ ní orí ń fọ́ yín, oògùn tí mo rà bọ̀ fún yín sì wà nínú àpótí. Àwọn àgbà ń kí mi lọ́wọ́, mi ò lè dìde láàárín wọn. Mo pe Sìkírátù, ìyàwó Múftàù, ẹni tó ń wẹ̀ yín, tó ń fi òróró ra yín lẹ́sẹ̀ látìgbà tí ara yín ò ti yá. Mo sọ nọ́ńbà mẹ́ta náà sí i létí. Ó ní ó dáa, ọkọ mi, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa, ì báà ṣe obìnrin. Ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó mú oògùn jáde, ó sì tún tì í.

Nígbà tó jáde, ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, ọkọ mi, ìwé yìí ni mo bá lórí àwọn aṣọ yín, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ bá wa wò ó bóyá ó ṣe pàtàkì. Àwọn ọmọ ilé ti yí mi ká, wọ́n ń wo ẹnu Àǹtí Amẹ́ríkà. Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, lẹ́tà rẹ̀ sì há. Mo dá báàgì mọ̀, mo dá ẹ jọ̀wọ́ mọ̀, ìyókù ò yé mi. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn oníbàálù ló ń kí mi kú ìrìn àjò. Ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo ní kó sọ ọ́ nù.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, tí wọ́n ti kírun tán, gbogbo wa jókòó sí àgbàlá. Mo gbé agolo jáde, mo sọ̀rọ̀, mo fi ara mi yangàn, mo ní kí ẹ na ọwọ́. Mo ṣí i. Òwú nìkan ló kù níbẹ̀.

Àlàájà Sàláwà, àbúrò Bàbá wa, wo inú agolo, ó wo ojú mi, ó ní ṣé góòlù náà ti gba ìwé ìgbélùú ní Amẹ́ríkà ni tí kò fi bá mi wálé. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí wọ́n má dà mí láàmú, pé ebi ò mọ góòlù. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti gbà pé mo ti tà á jẹ tipẹ́, pé eré ni mò ń ṣe. Ìyá mi, ẹ sì rọra ká ọwọ́ yín kò.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Mo ní èèyàn méjì péré ló mọ nọ́ńbà àgádágodo yẹn. Mo ní àgádágodo ò já, àpótí ò ya, èmi ò sì lè jí ẹrù ara mi. Mo ní kí wọ́n ṣírò ó fúnra wọn. Wọ́n ṣírò ó. Gbogbo ojú kúrò lára mi, ó lọ bà lé Sìkírátù. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí: ara tù mí.

Sìkírátù ò pariwo. Ó sọ ọmọ tó pọ̀n kalẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé Àlùkùránì Bàbá wa lé àtẹ́lẹwọ́, ó búra. Ó ní wállàhì, òun ò fọwọ́ kan agolo kankan, òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé agolo wà níbẹ̀. Ìyá mi, ẹ ní ó tó, kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó lè jalè lè búra. Ó wo ọkọ rẹ̀. Múftàù, ilẹ̀ lò ń wò. Ó pọn ọmọ rẹ̀ padà, ó di ẹrù rẹ̀. Kó tó jáde, ó kó oògùn yín fún ọmọ Àlàájà, ó ní ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ lò ó lórí ikùn òfìfo. Ó kọrí sí ilé bàbá rẹ̀ ní Pópó Yemọja.

Mo gbọ́ ìyókù láti ibí. Mo gbọ́ pé nídìí òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì tó ń tà l'Ọ́jà'ba, àwọn tó jókòó tì í bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọjà wọn bó bá ti dé. Ó kó lọ sí Bẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ náà bá a débẹ̀. Oṣù mẹ́jọ rèé.

Lóṣù tó kọjá, mò ń fọ ẹsẹ̀ bàbá arúgbó kan níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ gígé ló fi ogójì ọdún ṣe kí ara rẹ̀ tó kọṣẹ́. Mò ń bá a tàkúrọ̀sọ, mo sọ ìtàn ìyàwó kan nílé wa tó ṣí àgádágodo láì já a. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi, mò ń fi ṣe ìtàn pa. Bàbá náà bi mí pé ṣé àmì pupa wà lára àgádágodo náà. Mo ní ó wà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní ihò yẹn kì í ṣe tèmi rárá, pé ti àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí irú rẹ̀ káàkiri, kí wọ́n má baà máa já ti gbogbo èèyàn. Ó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ti bọ́ síta tipẹ́, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ lè gé tirẹ̀ nínú ilé, wọ́n tiẹ̀ ń tà á. Ó ní òun fẹ́ okùn ju àgádágodo yẹn lọ, torí okùn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo jiyàn. Ó ní kí n mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ bàbá yìí ń gbọ̀n débi pé èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ro ihò náà, mi ò tíì ka Bísímílà tán tó fi ṣí. Ó wá bi mí pé ṣé wọn ò fi ìwé sínú àpótí mi. Ó ní àwọn tó ń yẹ ẹrù wò máa ń fi ìwé sílẹ̀ pé àwọn ṣí i.

Mo lọ sínú ilé ìwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo jókòó.

Ta ló kó ẹ̀gbà náà? Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ níbí, ó lè jẹ́ ibi tí a ti pààrọ̀ bàálù, ó lè jẹ́ Èkó. Ó lè jẹ́ ẹni tó yẹ ẹrù wò, ó lè jẹ́ ẹlòmíì lẹ́yìn rẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ ayédèrú. Mi ò tún ní na ìka sí ẹni tí mi ò rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe Sìkírátù, àti pé òun ló mú ẹ̀rí wá bá mi tí mo ní kó sọ nù.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fọgbọ́n bò ó. Mo ní kí n ra léèsì fún un, kí n ra ẹ̀gbà kan, kí Múftàù lọ mú un wálé, kí ọ̀rọ̀ náà rọra kú. Mo ti ń yẹ iye léèsì wò. Lẹ́yìn náà mo pe Sìkírátù fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Kò gbé e lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìwé tí mi ò lè kà. Mò ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré. Ó ní, ọkọ mi, mo ti gbọ́. Ó ní etí tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ pọ̀, ṣé inú fóònù ni gbogbo wọn á ti wá gbọ́ èkejì? Ó wá ṣàdúrà fún mi pé òtútù ò ní pa mí, ó sì gé fóònù. Ìyá mi, bó bá bú mi ni, ì bá sàn.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ pe gbogbo àwọn tó jókòó sí àgbàlá lọ́jọ́ yẹn. Kí Àlàájà wà níwájú. Múftàù ni kó ka lẹ́tà yìí sókè, kì í ṣe àfáà, kì í ṣe ọmọ iléèwé. Bí ọ̀rọ̀ bá há ọ lọ́fun, àbúrò mi, mu omi, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú ìwé ìròyìn yìí lọ sí Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ fún àwọn tó ń bo ọjà wọn. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé àṣìṣe ni. Pé mo gbẹ́kẹ̀ lé àgádágodo, àṣìṣe nìyẹn. Pé mo ti Sìkírátù síwájú kí ẹ má baà pe èmi ní onírọ́, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé obì lọ bẹ̀ ẹ́ lórúkọ mi. Bó bá ní òun ò padà wá sílé wa mọ́, Múftàù, o ò gbọdọ̀ fipá mú un, ilé tí wọ́n ti pè é lólè ni.

Ìyá mi, ẹ̀gbà yín ò ní padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, á jẹ́ kí n bá yín láyé bí mo bá dé nígbà Iléyá. Ẹ bá mi kí àwọn bàbá ilé, ẹ kí Àlàájà, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé àtàwọn ọmọ wọn, ẹ kí ará àdúgbò lápapọ̀. Sìkírátù nìkan ni kí ẹ má bá mi kí. Pópó Yemọja ni màá kọ́kọ́ dé kí n tó wá sọ́dọ̀ yín, mo sì fẹ́ fi orúnkún ara mi kí i.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Rábíátù.