Ta Ló Ń Ṣí Géètì Wa?

Bàbá mi,

Mo ti lọ sílùú lọ ra oúnjẹ ẹṣin. Oorun tí ẹ ń sùn nígbà tí mo ń jáde yẹn, mi ò gbà á gbọ́.

Màlúù Ìyáàfin Verna, opó tó múlé tì wá, tún ti wọ pápá wa láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí. Wáyà ò já, òpó ò wó. Ẹnìkan ló ń fọwọ́ ṣí géètì.

Òun ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo bi í, ló bá yarí: "Èmi kẹ̀, Darla? Àárín màlúù ni wọ́n bí mi sí. Bí mo bá ṣe bá géètì ni mo ṣe ń fi í sílẹ̀!"

Òfin tí ẹ̀yin náà kọ́ mi nìyẹn kí n tó mọ ẹṣin gùn.

Mo wá lọ wo ẹrẹ̀ ìdí géètì. Ojú ẹsẹ̀ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ya ni mo rí. Bàtà yín yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, ẹrẹ̀ ara rẹ̀ ò tíì gbẹ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà!

Ẹ fá irùngbọ̀n yín kí ẹ tó kó màlúù náà padà fún un. Mi ò bínú. Màmá náà ò ní bínú. Ọdún márùn-ún tí ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ wọn ti tó.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ ti géètì yẹn mọ́.

Darla